Bí Ògiri Kò Bá Lanu: Ìtàn Ihò Dídí àti Ọ̀dà Kíkùn Nínú Ilé Yorùbá

Ní ọjọ́ kan tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní òwe àti ìlò rẹ̀, mo kọ òwe kan tí tọmọdé-tàgbà mọ̀ sí ojú pátákó: bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Mo ṣàlàyé pé òwe yìí ń kọ́ wa pé ọ̀tá kò lè rí ọ̀nà wọ àárín ẹbí tàbí ẹgbẹ́ tí ó bá ṣọ̀kan. Bí mo ṣe ní kí wọ́n máa kọ àlàyé náà sínú ìwé wọn ni ọmọdékùnrin kan nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ògiri ilé tiwa kò lanu rí, bulọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n sì kùn ún lọ́dà, síbẹ̀ aláǹgbá kún ibẹ̀. Ojú fèrèsé ni wọ́n ń gbà wọlé." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì sọ pé ìdáhùn rẹ̀ dára.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ọmọ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo rí i pé òwe náà ti di ẹyọ ọ̀rọ̀ lásán fún àwọn ọmọ wa. Wọ́n lè há a sórí, wọ́n lè fi í dáhùn ìbéèrè nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n wọn kò rí ògiri tí àwọn baba wa ń wò nígbà tí wọ́n ń pa á. Ògiri yẹn ní ìtàn. Àwọn ènìyàn ni wọ́n mọ ọ́n, àwọn ènìyàn ni wọ́n ń wò ó lọ́dọọdún láti mọ ibi tí ó ti lanu, ọwọ́ ènìyàn ni ó sì ń dí ihò rẹ̀ kí a tó fi efun tàbí osùn kùn ún. Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí, nítorí pé ó kan èdè wa, ó kan àwọn ilé àtijọ́ tí ó ń wó lójú wa, ó sì kan ìlera wa lónìí pẹ̀lú.

Ògiri amọ̀ àti ìdí tí ó fi ń lanu

Kí sìmẹ́ńtì tó dé ilẹ̀ wa, amọ̀ ni àwọn Yorùbá fi ń kọ́lé. Èdè wa fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i, nítorí pé a kì í sọ pé a kọ́ ilé nìkan, a tún máa ń sọ pé a mọ ilé, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé a mọ ìkòkò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ náà máa ń wáyé, kí òjò má baà ba ohun tí a ti mọ jẹ́. Wọn yóò gbẹ́ ilẹ̀ pupa, wọn yóò da omi sí i, wọn yóò sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rọ̀. Lẹ́yìn èyí, wọn a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, wọn a sì tún un tẹ̀. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ọ̀wẹ̀ ni onílé máa ń bẹ̀; àwọn ẹbí, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò yóò péjọ, onílé yóò sì pèsè oúnjẹ àti ohun mímu. Ọkọ ìyàwó pàápàá a máa kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn lọ ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna rẹ̀.

Ìpele-ìpele ni wọ́n ń mọ ògiri. Wọn yóò mọ ìpele kìn-ín-ní yípo ìpìlẹ̀ ilé, wọn yóò sì dúró kí ó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ẹni tí ó bá kánjú gbé ìpele tuntun lé èyí tí kò tíì gbẹ, ògiri rẹ̀ yóò tẹ̀ tàbí kí ó wó. Nígbà tí ògiri bá ga tó, wọn yóò gbé òrùlé lé e. Koríko bẹẹrẹ àti ewé ni wọ́n fi ń bo ilé kí páànù tó gbòde, wọ́n sì máa ń jẹ́ kí etí òrùlé náà gùn wá sísàlẹ̀ kí ó lè dáàbò bo ògiri lọ́wọ́ òjò. Ẹni tí ó bá fẹ́ kà nípa irú ilé bẹ́ẹ̀ lè wo ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí Sámúẹ́lì Johnson kọ, èyí tí ó jáde ní ọdún 1921.

Kí ló dé tí irú ògiri bẹ́ẹ̀ ń lanu? Ìdí rẹ̀ ni pé amọ̀ máa ń sún kì nígbà tí omi inú rẹ̀ bá gbẹ. Bí ó bá sún kì tí kò sì sí ohun tí ó dì í mú, yóò sán. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi máa ń gé koríko gbígbẹ sínú amọ̀ náà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ibi tí ìpele kan ti pàdé èkejì jẹ́ ibi àìlera. Igun ilé àti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí igi ti pàdé amọ̀, jẹ́ ibi àìlera bákan náà, nítorí pé igi àti amọ̀ kì í wú bákan náà, wọn kì í sì í sún kì bákan náà. Ní gbogbo ìgbà òjò, amọ̀ yóò mu omi díẹ̀. Ní gbogbo ìgbà ọyẹ́, yóò tún gbẹ. Bí ọdún ṣe ń yí lu ọdún ni ẹnu ògiri ń là. Inú ẹnu náà ni aláǹgbá ń wọ̀. Kì í ṣe aláǹgbá nìkan: àkekèé, eku, aáyán àti ejò pàápàá mọ ibẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wá rí i báyìí pé ohun tí àwọn àgbà ń fi ojú rí lójoojúmọ́ ni wọ́n fi pa òwe náà.

Rírẹ́ ilé: iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá wa

Bí ó ti jẹ́ pé àwọn ọkùnrin ni wọ́n sábà máa ń mọ ògiri, àwọn obìnrin ni wọ́n sábà máa ń rẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ yìí, rẹ́, yẹ kí a fi ọwọ́ pàtàkì mú un. Kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú kùn. Rírẹ́ ni kí a fi ọwọ́, òkúta dídán tàbí igi pẹlẹbẹ ra amọ̀ tí a ti sẹ́ mọ́ ara ògiri kí ó lè jọ̀lọ̀, kí gbogbo ihò àti ibi tí ó sán lè dí. Kíkùn ni kí a fi àwọ̀ bo ohun tí a ti rẹ́. Ẹni tí ó bá kùn láì tíì rẹ́, ẹ̀tẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá.

Mo ṣì rántí bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ṣe é ní agboolé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé, nígbà tí ọdún bá ku díẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á rìn yí ilé po, wọ́n á sì máa fi ìka kan ara ògiri. Ibi tí ó bá dún bí agbè òfìfo, amọ̀ ibẹ̀ ti ṣí kúrò lára ògiri nìyẹn, wọ́n á sì gbọ́n ọn dànù. Ibi tí ó bá sán, wọn kì í kàn án fi amọ̀ bò ó lójú. Wọ́n á fi ọ̀bẹ fẹ ojú ibẹ̀ sí i, wọ́n á gbá erùpẹ̀ gbígbẹ inú rẹ̀ kúrò, wọ́n á wọ́n omi sí i, nígbà náà ni wọ́n á tó fi amọ̀ rírọ̀ ki ihò náà títí yóò fi kún. Bí mo ṣe ń wo ìyá mi nígbà náà, ó ń yà mí lẹ́nu pé ó ń sọ ihò kékeré di ńlá kí ó tó dí i. Mo bi í léèrè. Ó ní amọ̀ tuntun kì í di amọ̀ àtijọ́ mú bí ó bá gbẹ, àti pé ihò tí a kò bá rí ìdí rẹ̀ kò ṣe é dí.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dí àwọn ihò tán, wọ́n á fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ. Bí ó bá tún sán, wọ́n á tún un ṣe. Nígbà tí ó bá dá wọn lójú ni wọ́n á po amọ̀ kíkúnná, tí àwọn kan máa ń bù láti ara òkìtì ọ̀gán, mọ́ ìgbẹ́ màlúù àti omi ewé. Èyí ni wọ́n á fi rẹ́ gbogbo ara ògiri àti ilẹ̀ ilé. Ìgbẹ́ màlúù ní fọ́nrán koríko tín-ínrín nínú, èyí tí kì í jẹ́ kí ìrẹ́lé náà sán bí ó bá ń gbẹ. Òórùn rẹ̀ kì í pẹ́ lọ. Ohun tí ó máa ń kù ni ògiri dídán tí ó tutù lára bí ènìyàn bá fara tì í.

Ẹ kíyè sí i pé ohun kan náà ni wọ́n fi mọ ògiri, òun náà ni wọ́n fi dí ihò rẹ̀, òun náà ni wọ́n sì fi rẹ́ ẹ. Èyí ni gbòǹgbò ọgbọ́n náà, a ó sì padà sí i.

Efun, osùn àti èédú

Lẹ́yìn rírẹ́ ni ẹ̀ṣọ́. Orúkọ àwọ̀ mẹ́ta gbòógì ni ó wà nínú èdè Yorùbá, àwọn náà ni funfun, pupa àti dúdú. Ohun tí àwọn obìnrin fi ń kun ògiri sì bá àwọn mẹ́ta yìí mu. Efun ń fún wọn ní funfun. Osùn àti ilẹ̀ pupa ń fún wọn ní pupa. Èédú àti aró tí a ń rí láti ara ẹlú ń fún wọn ní dúdú àti àwọn àwọ̀ tí ó sún mọ́ ọn.

Ojúbọ òrìṣà ni a ti rí iṣẹ́ yìí tí ó pọ̀ jùlọ. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin a máa péjọ kun ògiri ojúbọ nígbà tí ọdún òrìṣà bá ń bọ̀. Wọn yóò rẹ́ ògiri náà bo àwòrán ọdún tí ó kọjá, wọn yóò sì ya tuntun sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Campbell fi ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 2008 ṣe àlàyé iṣẹ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn ayàwòrán kan tí wọ́n kàwé ní Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, tí Moyọ̀ Òkédìjí jẹ́ ọ̀kan lára wọn, ti dá ẹgbẹ́ kan tí wọ́n pè ní Ọ̀nà sílẹ̀ ní ọdún 1989, wọ́n sì ń kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn ìyá tí ń kun ojúbọ. Àwọn tí wọ́n ti gba oyè ní yunifásítì jókòó ti àwọn ìyá tí kò mọ̀wé kí wọ́n lè kọ́ bí a ti ń kun ògiri. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún àwa olùkọ́.

Àwọn Àgùdà àti ògiri tuntun

Ìyípadà ńlá dé bá ògiri Yorùbá ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí dá sílẹ̀ ní Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíìlì ní ọdún 1835, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti gba òmìnira bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sí ilẹ̀ baba wọn. Àwọn mìíràn wá láti Kúbà. Àwọn ni à ń pè ní Àgùdà. Èkó, Pọ̀tọ̀nóvò àti Àgbádárìgì wà lára ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà, wọ́n sì mú ọgbọ́n iṣẹ́ wọn dání bọ̀.

Ilé tí àwọn Àgùdà kọ́ yàtọ̀. Wọ́n ń sán ògiri wọn, wọ́n ń fi ohun tí wọ́n fi sán an ya òdòdó, òpó àti ẹ̀ṣọ́ yí ojú fèrèsé ká, wọ́n sì ń kùn wọ́n ní oríṣiríṣi àwọ̀. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894, jẹ́ àpẹẹrẹ pàtàkì. João Baptista da Costa, ọ̀kan lára àwọn Àgùdà, ni ó darí kíkọ́ rẹ̀. Láti Èkó ni àṣà yìí ti tàn dé Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú, Ìbàdàn àti ìlú mìíràn. Ọ̀pọ̀ olówó ìlú òkè fi amọ̀ mọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá pe bíríkìlà kí ó bá wọn fi sìmẹ́ńtì sán ara rẹ̀ kí ó lè jọ ti Èkó.

Nígbà yẹn, òkè òkun ni sìmẹ́ńtì ti ń wá. Ilé-iṣẹ́ Nkalagu ní ìlà-oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ọdún 1957, ti Ewékorò ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1960. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, gbogbo ayé fẹ́ ilé sìmẹ́ńtì. Ní ọdún 1975, ìjọba orílẹ̀-èdè yìí ti ra nǹkan bí mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì láti òkè òkun, ọgọ́ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi tí ó kó o sì tò sí etíkun Èkó láìrí àyè já ẹrù wọn. Láàárín ìran méjì péré, ògiri amọ̀ di àmì òṣì, rírẹ́ ilé sì di iṣẹ́ tí àwọn ọmọbìnrin kò kọ́ mọ́.

Sìmẹ́ńtì lórí amọ̀

Ibi yìí ni ọ̀rọ̀ ti dun ni. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, àwọn ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Èkó dá owó jọ láti tún ilé baba wa ṣe. Wọ́n pe bíríkìlà. Ó fi sìmẹ́ńtì tí ó nípọn sán ògiri amọ̀ náà níta àti nínú, wọ́n sì kùn ún lọ́dà aláwọ̀ ewé. Gbogbo àdúgbò wá yọ̀ mọ́ wa. Àwọn ìyá wa kò ní iṣẹ́ rírẹ́ kankan láti ṣe ní ọdún náà. Ṣùgbọ́n kò tó ìgbà òjò mélòó kan tí sìmẹ́ńtì náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú kúrò lára ògiri. Ó ń dún bí agbè òfìfo bí a bá kàn án. Lẹ́yìn náà ni ó ń já bọ́ ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, tòun ti amọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. A tún pe bíríkìlà, ó tún lẹ òmíràn mọ́ ọn, a tún kùn ún. Ní ìgbẹ̀yìn, ògiri ẹ̀yìn wó ní òru ọjọ́ kan tí òjò rọ̀. Ọlọ́run ló yọ wá, kò pa ẹnikẹ́ni.

Mo ti wá mọ ìdí rẹ̀ báyìí. Amọ̀ máa ń mí. Ó ń mu omi, ó sì ń tú u jáde; ó ń wú, ó sì ń sún kì. Sìmẹ́ńtì tí ó ti gbẹ le gbagidi, kì í bá amọ̀ rìn. Nígbà tí amọ̀ bá sún, tí sìmẹ́ńtì kò sún, àlàfo yóò wà láàárín àwọn méjèèjì. Òjò yóò gba ibi tí ó sán wọlé, omi tí ó bá sì ti dé ẹ̀yìn sìmẹ́ńtì kò ní rí ọ̀nà jáde kíákíá. Yóò dúró síbẹ̀, yóò máa sọ amọ̀ di ẹrẹ̀ nígbà tí ojú òde ṣì ń dán. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ nípa ìtọ́jú ilé àtijọ́ fi ń sọ pé ohun tí a bá fi dí ihò tàbí tí a fi sán ògiri kò gbọdọ̀ le ju ògiri náà fúnra rẹ̀ lọ. Ohun tí ìyá mi sọ fún mi pẹ̀lú ọ̀bẹ àti amọ̀ lọ́wọ́ kò yàtọ̀ sí èyí.

Kì í ṣe ilé wa nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ rin àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Òṣogbo, ẹ ó rí ilé amọ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì bò, tí ara rẹ̀ ti bó bí ẹni pé ó ní àrùn. Kódà ilé tí òfin dáàbò bò kò yọ. Ilé tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Ilojo Bar, ní ojúde Tinúbú, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ilé Àgùdà tí ó lókìkí jùlọ. Wọ́n sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956. Ó gbó láìsí ìtọ́jú tí ó péye, wọ́n sì wó o palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ìtàn tí kò ṣe é tún kọ́ ni ó bá a lọ.

Síbẹ̀, àpẹẹrẹ rere wà. Ní igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú náà tún àwọn ojúbọ ṣe, wọ́n sì fi amọ̀ àti sìmẹ́ńtì mọ àwọn ère ńláńlá síbẹ̀. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kí ó tó di gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ ọnà yìí. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO fi igbó náà kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Wenger kú ní ọdún 2009, ṣùgbọ́n iṣẹ́ dídí ibi tí ó sán lára àwọn ère àti ògiri náà kò lè tán láéláé. Ohun tí a mọ, a gbọ́dọ̀ máa tọ́jú rẹ̀.

Eku nínú ihò

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ni ti ìtàn ihò ògiri sí ìgbésí ayé wa lónìí. Èsì mi ni pé ikú wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku àti iná ara rẹ̀ ń tàn kálẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí rẹ̀ sì ni ìjọba àwọn Òyìnbó amúnisìn ṣe dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní ọdún 1928 láti tún ìlú náà tò. Àwọn wolé-wolé a máa wọ ilé, wọ́n a máa yẹ ìkòkò omi wò, wọ́n a sì máa wo ibi tí eku lè fara pamọ́ sí. Àwọn ènìyàn kò fẹ́ràn wọn, nítorí pé owó ìtanràn ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ wọn, ìjọba a sì tún máa wó ilé onílé. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kan wà nídìí iṣẹ́ wọn, èyí tí àwọn ìyá wa ti mọ̀ ṣáájú kí wọ́n tó dé: ihò tí kò bá dí, ohun kan ni yóò gbé ibẹ̀.

Lónìí, ibà Lássà, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lássà ní Bọ̀rnó ní ọdún 1969, ṣì ń pa ènìyàn ní orílẹ̀-èdè yìí lọ́dọọdún. Ìpínlẹ̀ Oǹdó, pàápàá agbègbè Ọ̀wọ̀, wà lára ibi tí ó ti ń bá àwọn ènìyàn jà jùlọ. Eku ni ó ń gbé e kiri. Ọ̀kan lára ìmọ̀ràn tí àwọn oníṣègùn ń fún wa ni pé kí a dí gbogbo ihò tí eku lè gbà wọlé. Nítorí náà, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ mi sọ pé ògiri ilé àwọn kò lanu, ìbéèrè tí ó yẹ kí n bi í ni pé: ǹjẹ́ o ti wo abẹ́ ṣíǹkì, etí ilẹ̀kùn, àti ibi tí páìpù omi gbà wọlé?

Ọ̀dà òde òní àti ohun ìdíhò

Ilé bulọ́ọ̀kù náà ń lanu. Ìpìlẹ̀ a máa rì díẹ̀, ibi tí bulọ́ọ̀kù ti pàdé òpó a máa sán, àlàfo a sì máa wà láàárín ògiri àti férémù ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé. Àwọn akunlé òde òní ní ohun tí wọ́n fi ń dí i. Fún ara ògiri, wọ́n ń po ẹ̀kọ ìrẹ́lé funfun tí wọ́n ń pè ní síkíríìdì, wọ́n ń fi irin pẹlẹbẹ rẹ́ ẹ, wọ́n sì ń fi sáńpépà ha á kí wọ́n tó kun ọ̀dà. Fún etí férémù, wọ́n ń lo ohun ìdíhò tí wọ́n ń fún jáde láti inú ike gígùn, èyí tí ó máa ń rọ̀ bí rọ́bà lẹ́yìn tí ó bá gbẹ, kí ó lè bá igi àti ògiri rìn.

Irú méjì nínú ohun ìdíhò yìí ni ó yẹ kí a mọ̀. Èyí tí a fi akirílíìkì ṣe gba ọ̀dà, bí a bá ti fún un láyè kí ó gbẹ dáadáa. Èyí tí a fi sílíkọ́ọ̀nù ṣe dára fún ilé ìwẹ̀ àti ìdí ṣíǹkì nítorí pé omi kì í ràn án, ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Bí a bá kùn ún, ọ̀dà náà yóò máa sá kúrò lójú rẹ̀ bí omi ti ń sá lójú ewé kókò, èyí tí ó bá sì dúró yóò bó. Ọ̀pọ̀ onílé ni ó ti dá akunlé lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí ó jẹ́ pé ohun ìdíhò tí wọ́n rà ni kò bá iṣẹ́ náà mu. Bẹ́ẹ̀ sì ni akunlé tí ó bá kánjú kun ọ̀dà lé ohun tí kò tíì gbẹ yóò rí i pé ọ̀dà náà yóò sán nígbà tí ohun ìdíhò abẹ́ rẹ̀ bá sún kì.

Ṣé ẹ rí i pé òfin kan náà ni? Ẹ wá ìdí ihò náà. Ẹ gbá inú rẹ̀ mọ́. Ẹ fi ohun tí ó bá a mu dí i. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó kùn ún. Àwọn ìyá wa kò mọ sílíkọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n wọ́n mọ òfin náà.

Ìkádìí

Àwọn àgbà sọ pé ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ọ̀dà tí a kùn lé ihò kò sàn ju itọ́ lọ. Mo rọ ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi pé nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní òwe, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n há a sórí nìkan. Bí ilé amọ̀ kan bá ṣì wà nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ yín, ẹ kó wọn lọ síbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ìka kan ògiri náà, kí wọ́n sì tẹ́tí sí i. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bi ìyá yín àgbà bí wọ́n ṣe ń rẹ́ ilé, àti irú ewé tí wọ́n ń pò mọ́ amọ̀ ní ìlú yín, nítorí pé ìlú kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé ọjọ́ tí mo sọ lókè yìí, mo padà sí kíláàsì, mo sì sọ ìtàn ilé baba mi fún wọn. Nígbà tí mo parí, ọmọdékùnrin náà tún nawọ́ sókè. Ó ní òun ti lọ wo abẹ́ ṣíǹkì ilé àwọn. Ó ní ihò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti fi ọ̀dà kùn yípo láìdí i, òun sì ti sọ fún bàbá òun. Mo ní kí gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un. Òwe náà ti rí ògiri rẹ̀.